Okùn Gbígbó Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ó máa ń dùn mí tí ẹnìkan bá pe ẹrù àtijọ́ ìyá rẹ̀ ní “junk”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún pàǹtí. Okùn ọkọ̀ tó ti gbó làwọn atukọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹran oníyọ̀ wọn náà gba orúkọ yẹn, torí ó le bí okùn. Wọn kì í da okùn náà nù. Wọ́n á tú u di fọ́nrán, wọ́n á pò ó mọ́ ọ̀dà, wọ́n á fi dí àárín pákó ọkọ̀ kí omi má baà wọlé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n àtàwọn aláìní ló sábà ń tú u, ìka wọn a sì máa bó. Iṣẹ́ yìí ni òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, Charles Dickens, sọ pé wọ́n gbé fún Oliver Twist, ọmọdé lásán inú ìwé ìtàn rẹ̀. Bí okùn gbígbó ṣe wúlò, ẹrù àtijọ́ náà lè wúlò: ẹ jẹ́ kí káfíńtà àti aránṣọ àdúgbò kọ́kọ́ yẹ ẹrù ìyá yín wò kí ẹ tó dà á nù.