Kí A Tètè Pe Oníṣẹ́ Abẹ

Nínú gbogbo ìrora tí ń ṣe ènìyàn nínú ikùn, díẹ̀ ni ó le tó èyí tí ń ti ara páńkíríásì wá. Páńkíríásì ni ẹ̀yà ara gbọọrọ kan tí ó sùn sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Òun ni ó ń pèsè omi tí ń mú oúnjẹ dà, òun náà ni ó sì ń pèsè insulin tí ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá wú, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, yóò di kìkì àpá, òkúta yóò máa dì sínú ọ̀nà omi rẹ̀, omi náà kì yóò sì rí ibi gbà jáde dáadáa. Ìgbà náà ni ìrora yóò mú aláìsàn ní òkè ikùn, tí yóò gún un dé ẹ̀yìn, tí oúnjẹ jíjẹ yóò sì di ohun ìbẹ̀rù fún un. Yóò máa rù. Bí ó bá sì yá, àtọ̀gbẹ lè tẹ̀lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìsàn àwọn Òyìnbó nìkan ni èyí. Ní 1969, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn gbé ìròyìn jáde nípa aláìsàn 45 tí òkúta wà nínú páńkíríásì wọn. Ọtí àmujù àti sìgá wà lára olórí ohun tí ń fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n ní àwọn ilẹ̀ olóoru, a mọ irú rẹ̀ kan tí ń mú àwọn ọ̀dọ́ tí kò fi ẹnu kan ọtí rí. Nítorí náà, kò tọ́ kí a máa fi ojú ọ̀mùtí wo gbogbo ẹni tí ó bá ṣe.

Ní 1958, Puestow àti Gillesby, oníṣẹ́ abẹ méjì ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí a ti lè la ọ̀nà omi páńkíríásì gbọọrọ, kí a kó òkúta inú rẹ̀ kúrò, kí a sì rán an mọ́ ìfun kékeré, kí omi tí ó há lè máa ṣàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbẹ́ ńlá ni wọ́n ń dá sí ikùn aláìsàn kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1985, Erich Mühe ní ilẹ̀ Jámánì gba ojú ihò kékeré yọ àpò òróòro kúrò nínú ikùn ènìyàn, nígbà tí yóò sì fi di 1999, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dé orí páńkíríásì. Àwọn oníṣẹ́ abẹ a lu ihò kéékèèké mélòó kan sí ikùn, wọn a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí àyè lè gbà wọ́n, wọn a ti ẹ̀rọ ayàwòrán bọ ojú ihò kan, wọn a sì máa wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọgbẹ́ kékeré a máa tètè jinná, aláìsàn a sì máa tètè dìde.

Ohun rere ni èyí, a kò sì ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, kì í ṣe bí ihò ti kéré tó ni olórí ọ̀rọ̀, bí kò ṣe ìgbà tí aláìsàn dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Àṣà tí ó ti wà tipẹ́ ni pé kí a fi oògùn apàrora pẹ̀tù sí ìrora náà fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà kí a ti ọ̀pá rírọ̀ oníhò gba ẹnu aláìsàn wọlé láti ṣí ọ̀nà tí ó dí, kí iṣẹ́ abẹ sì wà ní ìkẹyìn pátápátá. Ní ilẹ̀ Holland, wọ́n yẹ àṣà yìí wò fínnífínní. Èsì ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, lórí aláìsàn 39, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 2, ìrora ti rọlẹ̀ fún 75 nínú 100 àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ṣùgbọ́n fún 32 péré nínú 100 àwọn tí a gba ẹnu tọ́jú. Ní 2020, wọ́n tẹ èsì mìíràn jáde, láti ilé ìwòsàn 30, lórí aláìsàn 88 tí wọ́n ṣọ́ fún oṣù 18. Bí a bá fi 100 ṣe òṣùwọ̀n ìrora tí ó le jù, 37 ni ti àwọn tí a tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 49 sì ni ti àwọn tí a fi tiwọn sí ìkẹyìn. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìdánwò méjèèjì wọ̀nyí kò fi ihò kékeré wé ọgbẹ́ ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni iṣẹ́ abẹ yẹ fún; èyí tí a sọ yìí, ẹni tí ọ̀nà omi rẹ̀ ti fẹ̀ nítorí ìdènà ni ó dára fún jù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá ni ó yí páńkíríásì ká. Bí ọwọ́ bá ṣì, ẹ̀jẹ̀ lè ya. Bí ojú rírán kò bá dì, omi tí ń da oúnjẹ lè jò sínú ikùn. Ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú nìkan ni ó yẹ kí ó gba ojú ihò kékeré ṣe é. Ọgbẹ́ ńlá láti ọwọ́ ọ̀jáfáfá sàn ju ihò kékeré láti ọwọ́ ẹni tí ń dán an wò.

Kí ni ó wá yẹ ní ilẹ̀ wa? Èkíní, kí àwọn oníṣègùn má ṣe máa fi oògùn ọgbẹ́ inú tọ́jú ìrora tí kò lọ fún ọdún gbọọrọ láìya àwòrán inú aláìsàn. Ẹni tí a bá fi tramadol nìkan dá dúró lè rí i pé oògùn ti di bárakú kí àìsàn tó rí ìtọ́jú. Èkejì, kí ìjọba yan ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ díẹ̀, kí a máa kó irú aláìsàn wọ̀nyí jọ síbẹ̀, kí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ lè mọ iṣẹ́ náà nípa ṣíṣe é léraléra. Ẹ̀kẹta, òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà. Kí a jẹ́ kí ó gbé ẹrù iṣẹ́ abẹ yìí pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ìrora ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, níbo ni yóò ti rí owó?

Ẹ̀yin aláìsàn pẹ̀lú ní iṣẹ́ tiyín. Kò sí ọ̀bẹ tí ó lè gba ẹni tí ó padà sídìí ọtí àti sìgá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe ipa tirẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ fún un pé kí ó máa fara dà á títí ìrora yóò fi jẹ ayé rẹ̀ tán, kí a tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ abẹ.