Káàdì Àwìn àti Ìṣirò Ilé

Bí atẹ̀wé ní Ṣómólú tàbí ìyá ọlọ́jà ní Bàrígà bá so káàdì báǹkì mọ́ áàpù tí ń ṣírò owó, kò burú. Àlùkùráánì (2:282) ní kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n káàdì àwìn yàtọ̀. Owó báǹkì ni áàpù ń fi hàn yín níbẹ̀, kì í ṣe owó yín. Bí ẹ kò bá san án lásìkò, èlé yóò gorí rẹ̀. Ríbà sì nìyẹn. Áàpù lè ka gbèsè, kò lè san án.

Ẹ má sọ PIN fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín. Òfin Nàìjíríà ti 2023 lórí ààbò ìsọfúnni sì gbà yín láàyè láti fagi lé ìyọ̀ǹda tí ẹ fún áàpù.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí owó halali wa. Àmín.