Sípíkà Tí Kò Jẹ́ Kí Ìlù Sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1996, nínú fúlátì kótópó kan ní gúúsù London, mo kó owó oṣù kan gbáko lé sípíkà gàgàrà méjì, nítorí pé ohùn wọn mì mí láyà nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti ilé, mo fi àwo ìlù dùndún kan sí i kí inú wọn lè dùn. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí, wọ́n wá ní: "Ìlù yìí ń dún kìkì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ó ń wí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ariwo ìsàlẹ̀ ti bo ohùn àárín mọ́lẹ̀. Ìyáàlù ti yadi nínú ilé mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé sípíkà tí kò bá jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìlù, kò lè ṣe olóòótọ́ sí jazz tàbí orin kílásíkà. Ohùn àárín ni ibùgbé ọ̀rọ̀ ènìyàn. Níbẹ̀ náà ni fáólìnì, fèrè àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohùn dùùrù ń gbé.

Ẹlòmíràn yóò ní sípíkà kékeré kò lè gbé báàsì. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá lára báàsì onígi tí àwọn onijazz ń ta a máa gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà kékeré kì í sì gbé e dé tán. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ kì í dá ohùn ìyá yín mọ̀ lórí tẹlifóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹlifóònù kì í gbé ìsàlẹ̀ ohùn wọn dé? Etí a máa fi ohùn òkè mọ ti ìsàlẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Nígbà tí BBC nílò sípíkà fún inú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn ní àwọn ọdún 1970, LS3/5A tí wọ́n ṣe kò ju ohun tí ọmọdé lè gbé lọ. Owó gọbọi ni wọ́n ń ta ògbólógbòó rẹ̀ báyìí. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ má lọ rajà lọ́wọ́ òfo. Ẹ mú àwo mẹ́ta dání. Èkíní, ìlù dùndún tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èkejì, *Kind of Blue* ti Miles Davis (1959): nínú orin àkọ́kọ́, báàsì ń lé, àwọn yòókù ń gbè é, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹni tí ń lé yékéyéké. Ẹ̀kẹta, *African Suite* tí Fẹlá Ṣówándé kọ fún ohun èlò olókùn ní ọdún 1944, nígbà tí ó ń gbé London yìí kan náà. Ọmọ wa tí ó mọ jazz, tí ó mọ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ni.

Bí owó kò bá pọ̀, àlòkù kì í ṣe ẹ̀tẹ́. Ẹ yẹ fóòmù tàbí rọ́bà tí ó yí páálí ẹnu sípíkà ká wò. Bí ó bá ti ń rún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ má baà gbé adití kan wálé. Bí amplifier yín kò bá lágbára, èyí tí a kọ ohms 8 sí rọrùn fún un.

Nínú ilé, ẹ má tì í wọ àárín ìwé lórí pẹpẹ. Ẹ fà á jáde, kí ẹnu rẹ̀ kékeré bá etí yín dọ́gba níbi tí ẹ jókòó. Kí àyè àárín méjèèjì tó èyí tí ó wà láàárín wọn àti ẹ̀yin. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí owó tí ó bá ṣẹ́kù di àwo orin. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín kò rí onílù ní ojúde. Inú àpótí méjèèjì yìí ni púpọ̀ nínú wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ó ń wí.