Ta Ló Ní Kí A Lé Ọmọ Jáde?

Ní 2007, Pásítọ̀ Frank Schaefer ti ìjọ United Methodist ní Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, so ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pọ̀ mọ́ ọkùnrin tí ọmọ náà fẹ́. Ní 2013, ìjọ pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì gba iṣẹ́ òjíṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà sípò ní 2014. Nígbà tó di 2024, ìjọ náà fúnra rẹ̀ ti fagi lé òfin tí wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Ohun tó ṣáájú ìgbéyàwó yẹn ló ká wa lára jù. Nígbà tí ọmọ yìí ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba, ó gbàdúrà títí pé kí Ọlọ́run mú ìfẹ́ ọkùnrin kúrò lọ́kàn òun. Kò kúrò. Ìwàásù tó ń gbọ́ mú kó máa rò ó pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ló fi fóònù ta àwọn òbí rẹ̀ lólobó. Bàbá tó ti ń fi Bíbélì kọ́ ọmọ ẹlòmíì wá rí i pé ẹ̀kọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, a kì í fi ọmọ ọrẹ̀ bọ ọrẹ̀.

Ní Nàìjíríà tiwa níbí, ní oṣù kìíní 2014, Goodluck Jonathan, Ààrẹ ìgbà náà, buwọ́ lu òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ló fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, kò sí ibi tí òfin náà ti ní kí òbí ti ọmọ síta, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà kí wọ́n máa fi ẹgba lé ẹ̀mí àìmọ́. Àwa la fi ìyẹn kún un.

Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ kì í ṣe ohun tí à ń yẹ̀ wò. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? L'Ékòó ní 1917, nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lé àwọn aláya púpọ̀, wọn kò kọ Jésù. Wọ́n dá ìjọ United African Methodist sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ẹlẹ́ja. Wọ́n bi ẹ̀kọ́ tí òyìnbó gbé wá léèrè nítorí ìyàwó àti ọmọ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí pásítọ̀ àti ààfáà tí òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sáré tọ̀ wá: kí wọ́n tó ṣí ìwé mímọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ọmọ náà sùn lánàá.