Ilé Etí Òkun àti Owó Àjẹṣẹ́kù Wa

Láti Ẹnúgu ni a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, níbi tí àwa náà ti jẹ́ àlejò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin ti jẹ́ àlejò ní Kánò, ní Jọ́s, ní Kàdúná àti ní Gúsáù. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú, nítorí náà ni a kò fi lè dákẹ́ lórí ohun tí ojú wa rí.

Ní ìpàdé wa kan láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí ó ń bá àwọn onílé wá oníbàárà wá bá wa ní gbọ̀ngán tí a ń lò ní Ogui. Ó wọ aṣọ tí ó dára, ó sì mú ìwé dídán kan lọ́wọ́ tí àwòrán ilé gogoro wà nínú rẹ̀, tí òkun ń dán yanran níwájú ilé náà. Ó ní Èkó ni, etí òkun gan-an, àti pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lè san ìdajì owó fúláàtì kan nísinsìnyí, kí a sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Alága wa bi í pé ṣé ilé ṣì ń tà ní irú àkókò yìí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ilé àwọn mẹ̀kúnnù ni kò tà. Ilé etí òkun kì í dúró lọ́jà. Ẹ̀rí wo ni ẹ tún ń wá?"

Bí ó bá jẹ́ pé àwa nìkan ni ó bá, à bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta ti dé ọwọ́ Akọ̀wé wa láti ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ kó owó àjẹṣẹ́kù ọdún mélòó kan lé irú ilé bẹ́ẹ̀. Èrò wa ni pé kí ẹ má ṣe é. A ó sọ ìdí rẹ̀.

Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ibi tí ó fi òótọ́ náà sí ni kò dára. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, èlé tí báǹkì ń gbà lórí owó ilé ga tó bẹ́ẹ̀ tí iye ilé tí ó ti ọwọ́ onílé kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn fi kéré ju ti ọdún èyíkéyìí lọ láti 1995. Síbẹ̀, ní May ọdún kan náà ni Beyoncé olórin àti Jay-Z ọkọ rẹ̀ ra ilé kan ní etí òkun ní Malibu, ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ń wá ilé oníyàrá méjì kiri rí àǹfààní kan jẹ nínú ọjà yẹn? Ẹni tí ó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ kò bẹ báǹkì, kò sì wo ojú èlé. Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí yóò kó o sí ni ó ń wá. Nígbà tí ọjà ilé bá dákú, àwọn tí ó ń yá owó ni í kọ́kọ́ kúrò lọ́jà. Ẹni tí kò yá owó ni ó kù níbẹ̀, òun nìkan ni ojú sì ń rí. Bí ẹ bá wá fi tirẹ̀ wọn ọjà, ẹ ó rò pé ọjà yá.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní November 2024, báǹkì àgbà ti ìjọba gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báǹkì tí ó bá sì máa yá ènìyàn lówó yóò gbé tirẹ̀ lé e lórí. Tíṣà wo, oníṣòwò wo, ni yóò yá irú owó bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún? Owó ilé ti ìjọba àpapọ̀ tí òfin 1992 dá sílẹ̀ wà, èlé rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń yá ènìyàn níbẹ̀ kò lè ra ìlẹ̀kùn àbáwọlé ilé tí ọkùnrin yẹn fi àwòrán rẹ̀ hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ní Ìkòyí, ní Victoria Island àti ní Eko Atlantic, dọ́là ni púpọ̀ nínú àwọn onílé ńlá fi ń dá owó lé ilé. Ká ní ilé kan jẹ́ 500,000 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan kò tíì tó 480 náírà ní ọjà ìjọba. Ilé náà kò tíì tó 240 mílíọ̀nù náírà. Kí February 2024 tó parí, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ilé kan náà ti kọjá 750 mílíọ̀nù. Kò sí ẹni tí ó fi búlọ́ọ̀kù kan kún un. Ẹni tí ó ń tà á yóò sọ fún yín pé ilé náà ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Ilé kò kúrò níbi tí ó wà. Náírà wa ni ó wọlẹ̀. Ẹni tí dọ́là ń wọlé fún lè rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń ta aṣọ, tí a ń ta páànù, tí a ń ṣe iṣẹ́ ìjọba, bí a bá san ìdajì lónìí, ta ni ó mọ iye tí ìdajì kejì yóò jẹ́ ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ san án? A bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè yìí. Ó ní kí a má bẹ̀rù. A kò rí ìdáhùn mìíràn gbà lẹ́nu rẹ̀.

Kò sì yẹ kí a gbàgbé pé ilé olówó gọbọi náà lè dúró lófo. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ó kọjá 100 dọ́là ní àárín 2014 tí kò sì tó 30 dọ́là ní January 2016, àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ epo kó ẹrù wọn lọ, fúláàtì púpọ̀ ní Ìkòyí sì wà láìsí ayálégbé. Ilé tí kò ní ayálégbé ṣì ń gba owó dísù àti owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù. Olówó lè fara dà á. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dá owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò lè fara dà á.

Ẹnúgu kò ní òkun. Orí òkè ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, odò Ekulu sì ni omi tí a ní. Èédú ni ó dá ìlú náà sílẹ̀: ní 1909 ni wọ́n rí i, ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ọkọ̀ ojú irin láti Port Harcourt sì dé ní 1916. Ṣùgbọ́n Ẹnúgu ní etí òkun tirẹ̀, èyí ni GRA àti Independence Layout. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́, ẹ ó rí ilé ńláńlá tí iná kò tàn nínú wọn, tí mẹ́gádì nìkan jókòó sí ẹnu géètì, tí olówó wọn ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston. Ní Abakpa àti ní Coal Camp, ènìyàn mẹ́fà ń sùn ní yàrá kan, onílé sì ń fowó kún owó. Ilé kò wọ́n fún àìsí ilé nìkan. Àwọn tí ó ń kọ́lé kò kọ́ ọ fún àwọn tí ó ń wá ilé.

Òkun fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Láàárín 1908 sí 1912 ni àwọn òyìnbó kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ebúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Láti ìgbà náà ni iyanrìn tí omi ń kó bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ilẹ̀ ní apá kejì. Bar Beach tí àwọn àgbà mọ̀ ní èwe wọn ti bá omi lọ. Ní August 2012, omi ya wọ Kuramo, ó sì gbé ènìyàn lọ. Inú òkun yẹn náà ni wọ́n ti ń kó iyanrìn jọ fún ìlú Eko Atlantic, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Ògiri náà lè dúró títí láé. Àwa kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Okun Alfa, ní apá ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, ń ké pé omi ń jẹ ìlú wọn.

Ìjọba náà ń jẹ ilẹ̀. Ní July 1990 ni ìjọba ológun Èkó lé àwọn ará Maroko jáde, nǹkan bí 300,000 ènìyàn, ilé àwọn olówó ni ó sì wà níbẹ̀ lónìí. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, kì í ṣe àgọ́ aláìní nìkan ni kàtàpílà wó. Àwọn oníṣòwò ńlá náà ké.

Bí ó ti wù kí ó rí, a mọ ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà dùn létí yín, nítorí pé ó dùn létí tiwa náà. Kì í ṣe òkun. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná ní February 2000, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jọ́s ní September 2001, ẹ mọ bí ó ti rí kí ènìyàn ní ilé ní ìlú tí ó ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan. Ní Ẹnúgu níhìn-ín, ní 1966, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí kì í ṣe ará Ìlà-Oòrùn máa lọ, ọ̀pọ̀ ará wa ni ó ti ìlẹ̀kùn tí kò padà ṣí mọ́. Ẹni tí ó bá ti rí irú èyí, tí a wá sọ fún un pé, "Èkó ni, ilẹ̀ baba rẹ ni, kò sí ẹni tí yóò lé ọ níbẹ̀," kí ni kò ní rà?

Bàbá wa kan tí ó dàgbà jùlọ nínú ẹ̀ka wa ni ó dìde ní ọjọ́ náà. Kumasi ni ó ti ṣe èwe rẹ̀. Ní November 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun àti baba rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń pè é ní ọjà tí kò tà. Èmi ti rí ọjà tí kò tà. Gbogbo wa ni à ń tà lọ́jọ́ kan náà, àwọn tí ó fẹ́ rà sì mọ̀ pé a kò lè dúró. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni baba mi tà, owó rẹ̀ kò sì ju èyí tí ó gbé wa délé lọ. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni a sùn, àwa mọ́kànlá." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Kí ẹ nílé sílé, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ lọ fi ẹsẹ̀ yín tẹ ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó ka owó."

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà tẹ́ lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́jà wa ní Ogbete dá wa lóhùn pé bí a kò bá ra ilé etí òkun, owó tí ó wà nínú àpótí náà ń yọ́. Pé ohun tí a fi pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kò lè ra ìdajì ohun tí à bá fi rà nígbà náà. Òótọ́ ni ó sọ, a kò sì ní ìdáhùn tí ó pé pérépéré fún un. Ohun tí a lè sọ ni pé kí a kó owó náà lé ohun tí àwa fúnra wa lè lọ wò, tí ayálégbé rẹ̀ ń gba náírà bíi tiwa: yàrá mẹ́rin-mẹ́rin ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ń wá ibi tí wọn yóò sùn. Èrè rẹ̀ kéré. Kò ní òkun níwájú. Ṣùgbọ́n a lè parí rẹ̀ láìfi ẹ̀yìn ta dọ́là.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ ní Èkó, a kò dí i lọ́wọ́. Kí ó mọ̀ pé òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, nítorí náà risíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Kí ó mú nọ́ńbà ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì sọ́fè ìjọba láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ kan, kí ó sì mú ìwé C of O tí wọ́n fi hàn án lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláúsá láti rí i bóyá òótọ́ ni.

Ní ti owó ẹgbẹ́, a bẹ àwọn Akápò yín pé kí wọ́n má tíì fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ alájẹ́ńtì ránṣẹ́ sí Akọ̀wé wa. Ọmọ wa kan tí ó jẹ́ lọ́yà ní Ìkẹjà ti gbà láti bá wa yẹ̀ wọ́n wò, owó ọkọ̀ nìkan ni ó ní kí a fún òun.