Orin Dídùn àti Etí Wa

Láìpẹ́ yìí mo lọ gbọ́ olórin kan ní yàrá kékeré kan ní Ìbàdàn. Gìtá kan ṣoṣo ni ó mú dání, orin tí òun tìkára rẹ̀ hun ni ó ń kọ, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Beautiful Nubia. Àwa tí a jókòó kò ju ogójì lọ. Ara mi yá gágá.

Nígbà tí ó ṣe, ẹni tí ó ni ibẹ̀ gbé sípíkà ńlá méjì jáde, ó sì yí ohùn wọn sókè. Láti ìgbà náà, ariwo ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ orin mọ́. Etí mi hó di ọjọ́ kejì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn irun tíntìntín tí ń gba ìró wà nínú etí wa. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìpíndọ́gba ìró ibi ìgbafẹ́ má ju dẹ́síbẹ̀lì 100 lọ.

Èrò tèmi ni pé yàrá kékeré kò nílò sípíkà ńlá. Bí wọ́n bá gbé e wá, ẹ jìnnà sí i, ẹ máa jáde lọ sinmi, kí ẹ sì ra ohun tí a fi ń dí etí. Òwú lásán kò tó. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá yé hó, kí ó lọ rí dókítà.

Àwọn àgbà ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. A lè fi awọ mìíràn bo ìlù. Etí ńkọ́?