Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gun Láyípo

Àsìkò tí àwọn ilé-ìwé ń kó ọmọ jáde ti dé. Ìwé ti ń wọlé tọ àwọn òbí wá pé kí wọ́n mú owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ wá, nítorí pé ọmọ wọn ń lọ ẹ̀sìkọ́ṣọ̀n. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ń forí lé, inú wa sì dùn sí i. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dé Ìbàdàn tí kò rí Ìbàdàn. Wọn a wo ẹranko ní ọgbà Yunifásítì, wọn a jẹun, wọn a ya fọ́tò, ilé yá. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ṣeré, a kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ olú ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni wọ́n wá, ìlú tó ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 1976. Níbẹ̀ ni ìjọba Awólọ́wọ̀ jókòó sí tó fi gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955. Níbẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Kí ọmọ jáde nírú ìlú bẹ́ẹ̀ láìmọ ohunkóhun nípa rẹ̀, àdánù ni.

Bó bá ṣe tiwa ni, Kúdẹtì ni ọkọ̀ ìbá kọ́kọ́ dúró sí. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó síbẹ̀ láti wàásù, tí wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn ìgbà náà. Ẹrú àti ìkógun ni wọ́n fi ń mọ ọlọ́lá. Síbẹ̀, ìjòyè kan, Olúńlọ́yọ̀ọ́, fa ọmọ rẹ̀ méjì kalẹ̀ pé kí àlejò náà kọ́ wọn níwèé: Akínyẹlé, ọkùnrin, àti Yéjídé, obìnrin. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin ọdún méjìlá dúró lórí ilẹ̀ Kúdẹtì, kí olùkọ́ sọ fún un pé nínú àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀wé nílùú yìí, obìnrin wà níbẹ̀. Ìwé kíkà nínú kíláàsì lè sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà.

Láti Kúdẹtì, Mápó kò jìnnà. Gbọ̀ngàn tí wọ́n parí ní 1929 ṣì wà lórí òkè náà pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ ràgàjì, ọjà Ọjà'ba sì ń hó nísàlẹ̀. Kí wọ́n ti ibẹ̀ gba Òkè Àrẹ lọ, níbi tí Láyípo wà.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Láyípo. Ní 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ yìí ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, láti 1893. Bower yìí kan náà ló yin ìbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí kó tó gun àtẹ̀gùn náà á gbé ìbéèrè gùn ún: ta ló ń yan ẹni tí à ń rántí? Nígbà tó bá dókè, tó rí páànù tó ti dípẹtà lọ títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀ mọ́, tó sì rí Cocoa House ní Dùgbẹ̀ lọ́hùn-ún, á ní ohun tí yóò bi olùkọ́ rẹ̀. Àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Cocoa House. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, òógùn àwọn àgbẹ̀ oníkòkó wa ló sì wà nídìí rẹ̀.

Kí wọ́n má sì fo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Agodi. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, àwọn aṣòfin ń ju àga lura wọn níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì lórí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn kan lè ní irú ìtàn yìí kò yẹ létí ọmọdé. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ tí a bá kọ́ ní kìkì ohun tó dùn nínú ìtàn ìlú rẹ̀, a tàn án jẹ ni.

Láti sáà 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní girama kékeré. Ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí ó padà, ṣùgbọ́n àwọn tó dàgbà láàárín ìgbà náà ti di olùkọ́ báyìí, àwọn gan-an kò sì rí i kọ́. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú àwọn ọmọ dé ibi tó ń mú wọn lọ, kó bá àwọn àgbààgbà agboolé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì kọ ìbéèrè tí àwọn ọmọ yóò dáhùn sílẹ̀. Ní ti ọkọ̀, ẹ má há ọmọ mọ́ra, ẹ má sì fi òru rìn.

Èyí tó ká wa lára jù ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba tí ilé wọn kò jìnnà sí Òkè Àrẹ, tí wọn kò dé orí Láyípo rí nítorí pé kò sẹ́ni tó mú wọn lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lè yí èyí padà. Kí wọ́n fi ọjọ́ kan sínú sáà kọ̀ọ̀kan fún un, kí wọ́n pèsè ọkọ̀, kí wọ́n gba àwọn tó mọ ìtàn ìlú síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù wọ ibi wọ̀nyí láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí náà, nígbà tí ìwé ẹ̀sìkọ́ṣọ̀n bá dé ọwọ́ yín, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ibi tí wọ́n ń mú ọmọ yín lọ àti ohun tí yóò kọ́ níbẹ̀.